Ìyádùnní àti Èkan Tí Ń Jẹ Iná

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìyádùnní, ó dá lórí Èkan.

Ní ìgbà kan rí, ará Abà Òkèsán pa oko tì, wọ́n lọ ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyádùnní bá wọn lọ. Kò bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ilẹ̀ kì í dá gbé. Èkan, koríko ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kó wọ ibẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, Èkan á gbẹ, iná á ràn án, iná á ti ibẹ̀ wọ abà. Òrùlé Ìyádùnní jó. Àká rẹ̀ jó. Odò tí wọ́n ń pọn di omi eérú.

"Ìyá Àgbà, Èkan náà ò jó?" ni ọmọ kan bi mí.

Ó jó kẹ̀. Òjò kan rọ̀, Èkan tún yọ, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyádùnní kọ́ ilé tuntun. Kí iná ọyẹ́ mìíràn má baà jó o, ó gbé ìtùfù, ó lọ bá Èkan.

"Kúrò nílẹ̀ bàbá mi."

"Ìwọ ta? N kò rí ẹsẹ̀ rẹ níbí rí." Èkan rẹ́rìn-ín. "O kúkú mú iná wá. Tètè dá a, ebi ń pa mí."

Ìyádùnní dúró. Ta ní ń bẹ̀ kí wọ́n sun òun?

Àparò, tí iná jó ẹyin rẹ̀, yọjú. "Iná ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ń jó igi tí ì bá ṣíji bò ó, gbòǹgbò tirẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ibòòji ló ń bẹ̀rù."

Ìyádùnní pa ìtùfù. "Ẹ̀gúsí ni n ó fi bò ó. Àmọ́ ìwọ Àparò, o ò gbọdọ̀ hú u."

"Kóró kan péré ńkọ́?"

"Rárá."

"Ìyẹn le o."

"Ẹyin rẹ tó jó ńkọ́?"

"Ó dáa, mo gbà."

Ìyádùnní bẹ ará abà lọ́wẹ̀. Wọ́n ṣán Èkan, wọ́n hú gbòǹgbò tí ọwọ́ wọn tó, wọ́n gbin ẹ̀gúsí. Ó ń kọrin:

*Ẹ̀gúsí mi, fà dé ààlà,*
Máa fà, ìtàkùn, máa fà.
*Èkan ń wòkè, kò róòrùn,*
Máa fà, ìtàkùn, máa fà.

"Ìyádùnní, jọ̀ọ́," ni Èkan ń wí lábẹ́ ewé, "iná díẹ̀."

"Iná ti kú nílé."

Bí Èkan ṣe rọ nìyẹn.

Wọ́n kó ẹ̀gúsí, wọ́n ro oko mọ́, wọ́n kọ ebè. Ọyẹ́ dé. Iná ti igbó wá, ó dé ààlà oko Ìyádùnní, kò rí nǹkan jẹ, ó kú. Òrùlé kankan ò jó. Odò mọ́ gaara. Gbogbo ará abà jó ijó ayọ̀, kálukú gbé ọkọ́, ó padà sóko rẹ̀. Wọ́n fún Àparò ní ẹ̀bá oko kó máa yé sí.

"Ìyá Àgbà, ṣé Àparò ò hú ẹyọ kan?"

Ẹ bi í. Èmi mọ̀ pé ó sanra lọ́dún yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi, ẹ má pa á tì. Ilẹ̀ tí a bá pa tì, iná rẹ̀ á wá wa délé.

Ibi tí mo bá a dé rèé. Bí mo bá parọ́, kí èkan hù lẹ́nu ọ̀nà mi. Bí n kò bá parọ́, kí ẹ̀gúsí mi fà dé ààlà.

Máa fà, ìtàkùn, máa fà!