Ewé Irin Tó Wà Láàárín Iná àti Omi

Iná kì í bá omi sùn kí ilẹ̀ mọ́ bá àwọn méjèèjì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ló dúró láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sọ fún Fáníyì awakọ̀ omi, ní ọdún tí gbogbo kànga Orí-Àpáta gbẹ, tí ó ń fi omijé ráhùn nítorí pé kò lè gun òkè.

Ọkọ̀ táńkà ni Fáníyì fi ń pọn omi láti odò ìsàlẹ̀ lọ sí ìlú náà. Òkè Agbérù ga, ó sì le, ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ ibẹ̀ fi ń lo tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fi ipá ki atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè di ìlọ́po. Ṣùgbọ́n agbára yìí gan-an ló di ọ̀tá Fáníyì. Bó bá ti dé ibi tí ọ̀nà ti yí àpáta ká, èéfín funfun á bo ọkọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì, ewé tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀, á bẹ́, omi á ya wọ ilé iná. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún bẹ́. Àwọn obìnrin tó gbé korobá dúró lórí òkè á rí èéfín náà, wọn á sì padà sílé. Ìyá tó bí i wà lára wọn, ojú sì ń ti Fáníyì débi pé kò lè jẹun.

Ọ̀ṣúntúyì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́, ní irú àìsàn kan náà lára ọkọ̀ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì tú ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n kó o lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ògúnníkẹ̀ẹ́, arúgbó tó jogún irin lílọ̀ lọ́wọ́ baba rẹ̀. Obìnrin yìí kò ní ọ̀pẹ̀lẹ̀, kò ní ikin. Rúlà irin gbọọrọ kan ló ní. Ó gbé e lé orí ẹ́ńjìnnì Fáníyì, ó kọjú rẹ̀ sí oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀ pẹ́.

“Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó,” ló wí. “Ọmọ mi, wá wò.”

Fáníyì bẹ̀rẹ̀. Níbi tó yẹ kí irin ti pàdé irin, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń kọjá bí òwú. Irin tó ti ń fọwọ́ pa láti ọjọ́ yìí, tó ń pè ní dídán, ihò ni!

“Ọ̀nà tí iná ń gbà lọ bá omi nìyẹn,” ni ìyá wí. “Iná ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ, omi ló yí i ká. Ewé gásíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló là wọ́n. Bí tọ́bò bá ṣe ń fẹ́ ẹ tó, bẹ́ẹ̀ ni inú á ṣe máa bí iná tó.”

“Ìyá, kí ni ẹbọ rẹ̀?” ni Fáníyì bi í.

“Màá lọ irin yìí títí yóò fi tẹ́jú bí omi inú àwo. Má ra gásíkẹ́ẹ̀tì onípépà mọ́, onírin tí wọ́n tò ní ìpele-ìpele ni kó o rà. Sọ àwọn bóòtì àtijọ́ tó de orí ẹ́ńjìnnì nù, wọ́n ti nà, kó o ra tuntun. Àárín ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í dè é, díẹ̀díẹ̀, títí dé etí. Sun iṣu, ta epo sí i, fún Ògún.” Ó gbé rúlà rẹ̀ sílẹ̀. “Èyí tó le jù ló kù. O ò gbọdọ̀ fi gọ́ọ̀mù kàn án.”

Ọ̀ṣúntúyì bú sẹ́rìn-ín. Ní ìlú wọn, fífi gọ́ọ̀mù pa gásíkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀gá ń kọ́kọ́ kọ́ ọmọṣẹ́, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì tí kò bá fi í.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo èyí tó kù ni màá ṣe,” ni Ọ̀ṣúntúyì wí. “Ṣùgbọ́n irin sí irin lásán? Ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?”

“Irin tó tẹ́jú kò wá alárinà,” ni ìyá dáhùn. “Gọ́ọ̀mù yóò yọ́ lábẹ́ iná, yóò sì ṣílẹ̀kùn fún un.”

Ó lọ irin àwọn méjèèjì, wọ́n padà sílé, Ọ̀ṣúntúyì sì fi gọ́ọ̀mù pa tirẹ̀. Nígbà tí Fáníyì gbé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń wá gọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó dìde, ó gbé èsun iṣu lọ sí ojúbọ Ògún, ó sì gbé gọ́ọ̀mù náà tì í. Ó ní, “Ògún, ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ jù lọ rèé, ẹ gbà á.” Ó padà wá de orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti àárín lọ sí etí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n jọ gbéra, Ọ̀ṣúntúyì ló ṣíwájú. Nígbà tó yí àpáta ká, èéfín funfun bo ọkọ̀ rẹ̀. Fáníyì ya ọkọ̀ tirẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tọ́bò ń súfèé, kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe orúkọ Ògún. Ẹ́ńjìnnì náà kò ṣe bí ẹni gbọ́ nǹkan kan. Ó gun òkè dé òpin.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé korobá dé. Kí ó tó pọn omi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú ọkọ̀ náà.

“Ṣé iná ló wà níhìn-ín?”

“Iná ni, màmá. Omi náà wà níbẹ̀.”

Ìyá náà gbé korobá sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀.

Ẹni tó gbẹ́bọ tó rú u délé ayọ̀. Ẹni tó fi ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ àgbà wà ní ìdajì òkè: omi kún ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, omi kún inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì ń wo àwọn obìnrin ìlú tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá a pẹ̀lú korobá òfìfo.