Èèkàn Ewúrẹ́ Ṣìjúwadé

"Ẹ̀ka tí a fi tọrẹ ni kì í kú." Ẹnu àgbà kì í sinmi lórí òwe yìí; a ti gbọ́ ọ títí ó fi di orin sí wa létí. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìdí igi tí wọ́n ti gé ẹ̀ka ọ̀hún?

Ní abúlé Ìdí-Òro, igi ọ̀pọ̀tọ́ ni gbogbo ilé fi ń ṣe fáàrí. Kálukú ló ní irú tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ewé wọn jọra bí ìbejì, àfi kí èso pọ́n, kí a là á, kí a tọ́ ọ wò, kí ẹnu tó lè sọ pé, "Ti ilé Lágbájá rèé." Bí ọ̀kan bá sì dùn, aládùúgbò a tọrọ ẹ̀ka, a lọ rì í mọ́lẹ̀ nílé tirẹ̀.

Láṣebìkan nìkan ni kì í fúnni. Irú tirẹ̀ kò sí níbòmíràn. Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ ló mú un wá láti ilé baba rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ. Inú èso náà pọ́n bí oyin. Ó ń dùn, ó sì ń kan díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. "Bí gbogbo ayé bá ní in," ni Láṣebìkan máa ń wí, "kí ló kù tí yóò jẹ́ tèmi?"

Ikú mú Ìbídùn lọ láìbímọ. Igi náà ló kù. Bí èso bá pọ́n, ọkùnrin náà a jókòó sábẹ́ rẹ̀, a fi ọ̀kan sẹ́nu, a dijú, a sì dà bí ẹni tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ aya rẹ̀ tó ń ti odò bọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, iná ìgbẹ́ wọ abúlé, ó sì jó igi náà tegbòtegbò. Láti ìgbà náà ni Láṣebìkan ti di alárìnká. Ó ń tọ́ ọ̀pọ̀tọ́ oníkálukú wò láti ilé dé ilé, ó ń mi orí. Àárò Ìbídùn kò jẹ́ kí oúnjẹ wọlé mọ́.

Bó ṣe kọjá odò dé ẹ̀yìnkùlé Ṣìjúwadé, ọ̀rẹ́ Ìbídùn, nìyẹn. Ó ká ọ̀kan, ó fi sẹ́nu. Adùn igi Ìbídùn gan-an ni.

"Ṣìjúwadé, níbo lo ti rí i?"

"Ọkọ mi ahun!" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Èso èèkàn ewúrẹ́ mi lẹ fi sẹ́nu yẹn."

"Má fi mí ṣẹ̀sín, mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ̀sín kọ́. Mo tọrọ ẹ̀ka lọ́wọ́ ìyàwó yín, ó ní ẹ ti kìlọ̀ fún òun. Ló bá gé igi kan, ó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ó ní, 'Ọkọ mi ní n kò gbọdọ̀ fi ọ̀pọ̀tọ́ tọrẹ. Èyí kì í ṣe ọ̀pọ̀tọ́ o, èèkàn ewúrẹ́ ni. Bó bá rúwé, ewúrẹ́ ni kí wọ́n bi.'"

Láṣebìkan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di omijé, nítorí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn láyé àfi Ìbídùn. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn. Ó jókòó sídìí igi náà títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tó gba ẹ̀ka padà sílé, tí igi tún dàgbà, kò sí ẹni tó tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò rí gbà. Ó máa ń wí pé, "Èyí tí mo há mọ́wọ́ ti jóná. Ẹ̀ka tí a fi tọrẹ ni kì í kú."

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó mọ iṣẹ́ tàbí egbòogi kan, tó fẹ́ gbé e wọ sàréè, òwe yìí ni wọ́n máa ń pa fún un. Wọ́n sì tún máa ń pa á fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kó lè lọ yà nílé àwọn tí olóògbé ṣe lóore. Ẹnìkan kò mọ ohun tí yóò bá níbẹ̀.