Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Dé Ojú

Ẹnu la fi ń sọ̀rọ̀, etí la fi ń gbọ́ ọ. Kí ló wá dé tí àwọn àgbà ń wí pé, "Ojú lọ̀rọ̀ wà"? Ta ló gbé ọ̀rọ̀ débẹ̀? Ojú Ẹfúnyẹmí amọ̀kòkò ló ṣe.

Àdúgbò méjì ló wà nílùú rẹ̀, Òkè-Amọ̀ àti Ìsàlẹ̀-Odò. Ọ̀nà tóóró kan ló já wọn pọ̀. Igbó ti bo ọ̀nà náà, àlàpà ilé àtijọ́ kan sì wà létí rẹ̀. Ibẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ ti ń lúgọ de ara wọn pẹ̀lú kùmọ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan, wọ́n lu Láwọyin, àbúrò Ẹfúnyẹmí, níbẹ̀, apá rẹ̀ kán.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Amọ̀ kó kùmọ̀ jọ síwájú ilé Ẹfúnyẹmí.

"Ta lẹ fẹ́ lọ lù?" Ẹfúnyẹmí bi wọ́n.

"Ẹni tó lu Láwọyin ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ni onítọ̀hún?"

Wọn ò mọ̀ ọ́n. Láwọyin alára mirí. "Mi ò rójú ẹnì kankan. Inú igbó ni wọ́n wà."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n lọ wádìí ná."

Ọ̀sán gangan ló gba ọ̀nà náà kọjá. Ní Ìsàlẹ̀-Odò, ó bá Ìyá Àkàńdé níbi tó ti ń fi omi gbígbóná tẹ ojú ọgbẹ́ tó wà lórí ọmọ rẹ̀.

"Ẹ kú ìtọ́jú, ìyá. Ta ló ṣe é léṣe?"

"Àwọn ọmọ Òkè-Amọ̀ yín ni."

"Èwo nínú wọn?"

"Kò mà rójú ẹnì kankan, ọmọ mi."

Ó ya Ẹfúnyẹmí lẹ́nu. Ó jókòó tì í. "Ìyá, àbí igbó yìí gan-an ló ń bá wa jà ni?"

Àwọn méjèèjì tọ baálẹ̀ lọ. Baálẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn ọ̀dọ́ ro ọ̀nà náà, kí Òkè bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kí Ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó ní ọkọ́ nìkan ni kí wọ́n mú wá o, kí àdá má dé ibẹ̀. Àwọn ìyá dúró tì wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pàdé láàárín. Láwọyin gbé omi wá fún wọn, igi ni wọ́n fi di apá rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ìsàlẹ̀-Odò kan, Fátókí, gbójú sókè, ó rí apá náà, ọkọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí. Mi ò lè po amọ̀ mọ́."

Fátókí wolẹ̀. "Èmi ni. Ọmọ Òkè-Amọ̀ ni mo rí nínú igbó yẹn. Mi ò rí ọ."

Ẹnì kankan ò nà án. Òun ló ń po amọ̀ fún Ẹfúnyẹmí títí apá náà fi san. Wọ́n wó àlàpà, Ẹfúnyẹmí ń pàtẹ ìkòkò síbẹ̀, Ìyá Àkàńdé gbé àpótí wá jókòó síbẹ̀, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lórúkọ.

Ìjà ò tán lọ́jọ́ kan ṣá. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sáré dé, tó ní àwọn apá kejì ti tún sọ báyìí, ti tún ṣe báyìí, Ẹfúnyẹmí kì í jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Lọ pe ẹni tó sọ ọ́ wá," ni yóò wí. "Ojú lọ̀rọ̀ wà."