Àga Mẹ́ta àti Ihò Òpó Kan

Mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì búra, nítorí àwọn nìkan ni mo ní: ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Bí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan bù mọ́ ọn, kí ọ̀nà kọ̀ mí.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan lápá Òkè-Ògùn. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Fọláwẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà lọ́nà jíjìn, kì í sì í wá. Ilé méjì péré ló wà níkangun àdúgbò náà, tirẹ̀ àti èyí tó kọjú sí i. Ìyá aránṣọ kan ló ń gbé ìkejì. Opó ni òun náà.

Iná ìjọba ti kú níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Nígbà tó yá, ìjọba ní òun ti yọ ọwọ́ kúrò nínú títa iná, kí ẹni tó bá lè tà á wá tà á, kí kálukú yan ẹni tí yóò máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ mẹ́ta dé. Ọ̀kan ń mú iná wá láti ibi tí wọ́n ti sé odò, ọ̀kan ń gbà á lára oòrùn, ọ̀kan ń fi gáàsì ṣe é. Òfin kan náà ni wọ́n jọ ń lò: wọn kì í ri òpó nítorí ilé kan. Ilé méjì tó bá wà níkangun gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé iléeṣẹ́ kan náà. Èmi ni wọ́n háyà láti gbẹ́ ihò òpó sílẹ̀ dè wọ́n.

Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni ìyá náà fi ń ránṣọ, orúnkún rẹ̀ sì ti kọ̀ ọ́. Dókítà ní kó má fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ mọ́. Ọmọ rẹ̀ ra ẹ̀rọ oníná fún un. Inú páálí ló wà. Ìyá náà sọdá lọ bá ọkùnrin náà.

"Bàbá Fọláwẹ̀, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù. Èyí tí ẹ bá mú ni n óò mú."

"Mo ń wò ó."

"Ẹ tètè wò ó o. Ọmọ mi ní bí iná ò bá dé kí àwọn ọmọléèwé tó wọlé, òun á wá kó mi lọ sí Ìlọrin."

"Ta ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sílé.

Àwọn tó ń polówó iná wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Obìnrin ti odò máa ń kúnlẹ̀ kí ọkùnrin náà. Ti olóòrùn àti ti onígáàsì máa ń dọ̀bálẹ̀. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti pè é ní Bàbá wa. Ó fọ ife tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó gbé àga mẹ́ta síta.

"Tí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́?" ló bi ti olóòrùn.

"Bátìrì wa á ti jẹun yó kí òjò tó dé, Bàbá wa."

Onígáàsì ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń wọ̀ lójoojúmọ́!"

"Tìẹ tó ń rùn ńkọ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú ihò ni mo wà, mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rín tó ti pẹ́ nínú àpótí ni.

Bí wọ́n bá ti na ìwé sí i, á ní, "Mo ń wò ó. Ẹ padà wá lọ́la." Wọn a sì padà wá. Ó ti rí i pé ilé tó bá ti fọwọ́ síwèé, kò sẹ́ni tó ń yà kí wọn mọ́.

Ìyá aránṣọ ń ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wo àga mẹ́ta wọ̀nyẹn. Kò sí ìkẹrin. Mo ní kó lọ fọwọ́ sí tirẹ̀ ná, kí wọ́n wá máa fi ìyẹn rọ bàbá náà.

Ó ní, "Kí n wá gba iwájú àgbà?"

Àwọn ọmọléèwé wọlé lọ́jọ́ Ajé kan. Ọmọ rẹ̀ gbé mọ́tò wá. Wọ́n gbé páálí ẹ̀rọ náà bí ó ṣe wà, wọn ò tíì tú okùn rẹ̀. Ìyá náà sọdá, ó fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀.

"Ẹ máa wò ó o, Bàbá Fọláwẹ̀."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn sọ ọ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà mú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá àwọn iléeṣẹ́ náà, ó ní èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́, òun ti ṣe tán. Wọ́n ní àwọn kì í ri òpó nítorí ilé kan. Àdúgbò mìíràn ni wọ́n ń polówó fún nígbà náà. Wọ́n ní kí n dí ihò náà padà.

Bí mo ṣe ń dí i, ó gbé àga kan jáde, ó bu omi fún mi. Mo mu ún lóòró. Ó ní kí n jókòó, mo ní ọkọ̀ ń dúró dè mí. Irọ́ ni. Àgbà tó lè bí mi lọ́mọ wá ń fi "ẹ" bá èmi agbẹ́hò sọ̀rọ̀. Èmi ò padà lọ. Nígbà tí mo tún gba ọ̀nà ibẹ̀, ilé náà ti di títì, wọ́n ti sin bàbá náà.

Ìwọ tí mò ń sọ ọ́ fún yìí, o fi ìwé mẹ́ta hàn mí, o ní kí n sọ iléeṣẹ́ iná tó dára jù fún ọ. Èmi ò mọ̀. Gbogbo iná ló ń kú, gbogbo rẹ̀ náà ló ń padà dé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnì kan wà lódìkejì ọ̀nà tí kò ní gba iwájú rẹ. Yàn, kó lè yàn. Ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ nítorí ohun tí o kò tíì mú, ọjọ́ tí o bá mú un ló ń lọ. Bí o kò bá sì mú un, ó ń lọ náà. Gbé àga fún ẹni tó ń dúró.

Ohun tí ọkùnrin yẹn sọ fún mi kẹ́yìn nìyí, bó ṣe sọ ọ́ gan-an: "Ẹ padà wá lọ́la."

Ẹ padà wá lọ́la.