Àgbọ̀nrín Ọdẹ́níran nínú Igbó Ìrira

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká, ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ kí ó bo abọ́ rẹ̀, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yó kí ó fi ọwọ́ di ikùn mú, nítorí ìtàn tí mo gbé dání yìí ń rùn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ọdẹ́jọkẹ́ ni orúkọ mi, Àwẹ̀ró ni oríkì mi, ọmọ Ọdẹ́ṣìnà ará Ìsàlẹ̀-Àpáta, ọkùnrin tí ẹfọ̀n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí í fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàbá mi kò bí ọkùnrin, èmi ni ó ń mú lọ sí igbó. Kí ọmú tó yọ láyà mi ni mo ti mọ ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín yàtọ̀ sí ti ẹtu, mo sì mọ ẹ̀jẹ̀ tó ti inú àyà wá yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ tó ti inú ikùn wá.

Ọdẹ́níran ni ó fẹ́ mi. Ó gùn bí ọ̀pẹ, eyín rẹ̀ funfun bí òwú, ṣùgbọ́n ìkánjú lẹ̀ mọ́ ọn lára bí eégbọn ti í lẹ̀ mọ́ etí ajá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó bá àgbọ̀nrín kan létí oko ilá, ó yìnbọn fún un, ẹran ṣubú lulẹ̀. Kàkà kí ó ki ìbọn rẹ̀ padà, ó gbé e ti igi, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sun ìjálá! Ẹ gbọ́ mi o: ní ìlú wa, ọdẹ kì í ki ẹran tí kò tíì fi ẹ̀ka igi kan lójú kí ó rí i pé ojú náà kò ṣẹ́. Àgbọ̀nrín gbọ́ oríkì ara rẹ̀, orí rẹ̀ wú, ó dìde, ó sì bẹ́ lu igbó. Ọkọ mi tún gbá tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, kò jẹ́ kí ẹran tó gbọgbẹ́ rí ibi dùbúlẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ Ọdẹ́níran kan wọ ihò òkété, ọrùn ẹsẹ̀ yẹ̀, ó fi ìdí wọ́ wálé.

Olúọdẹ Ọdẹ́yínká kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó gba ìbọn, ó fi í kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹnu ìbọn dojú kọ ilẹ̀. Ó ní, “Ìbọn tó dá ẹran lóró tó sì fi í sílẹ̀ ti di ìbọn ìtìjú. Bí oòrùn ọ̀la bá wọ̀ tí a kò rí ẹran náà, òkú tàbí ààyè, alágbẹ̀dẹ yóò fi ìbọn yìí rọ ọkọ́.” Bẹ́ẹ̀ ni àwa kò ní oko! Ìbọn yẹn ni oko wa, òun ni àká wa, òun ni ó ń bọ́ Ọdẹ́wùmí ọmọ wa.

Mo wo ọkọ mi. Mo ní, “Bàbá Ọdẹ́wùmí, níbo ni ọta ti bà á?”

“Àyà ni, Àwẹ̀ró. Àyà gan-an.”

“Àyà wo? Ewéko ló wà lára ẹ̀jẹ̀ tó ta sí yín láṣọ. Àyà tiyín ń jẹ koríko ni?”

Ó yí ojú sí ògiri. Inú bí mi, ara mi kọ̀ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣèèṣì gbé eṣinṣin mì nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, mo mú ọ̀kọ̀ bàbá mi, mo mú àdá àti okùn, mo gbéra.

Ẹ̀jẹ̀ náà kò pọ́n, ó dúdú. Ó nípọn bí ògì tó ti kan, koríko jíjẹ wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a tì sẹ́nu tí a tún pọ̀ dànù. Mo fi ìka tọ́ ọ, mo gbóòórùn rẹ̀. Mo fi eékún rìn, mo fi ọwọ́ wá a lábẹ́ ewé, títí ẹ̀gbin yẹn fi dé ìgúnpá mi, títí ó fi wọ abẹ́ èékánná mi, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà sì mú mi wọ Igbó Ìrira.

Igbó Ìrira! Ibẹ̀ ni àwọn iwin tí ìlú iwin pàápàá kọ̀ ń gbé. Igi ibẹ̀ ń sun ikun bí ọmọ tí òtútù mú. Olú ibẹ̀ rọ̀ bí etí arúgbó. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń gùnfẹ̀ bí alájẹkì, bí ènìyàn bá sì fara kan ewé, ó gbóná, ó sì rin bí abíyá ẹni tó ti ń ro oko láti àárọ̀. Ẹni tó bá mí níbẹ̀ yóò kábàámọ̀ pé òun ní imú.

Iwin kan dìde lẹ́nu ọ̀nà, Eéwo-Bora ni orúkọ rẹ̀. Eéwo hù lé eéwo lára rẹ̀ bí ìgbà tí àgbàdo hù lórí ṣùkù, ọyún ń ṣàn sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Ọmọ ènìyàn, wò mí dáadáa. Ǹjẹ́ mo lẹ́wà?”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Baba, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹni tó ń wá ohun tó nù kò gbọdọ̀ purọ́ fún ẹni tó bá lójú ọ̀nà. Ẹ kò lẹ́wà. Bí ẹ bá jẹ́ ọbẹ̀, ajá kò ní lá yín.”

Ó rẹ́rìn-ín títí eéwo mẹ́ta fi bẹ́, èyí tó tóbi jù nínú wọn sì ta sí mi ní gèlè. Háà! Ó wá gbé igbá omi kan jáde, omi tó mọ́ bí ojú ọmọ tuntun, pẹ̀lú ọṣẹ àti aṣọ funfun. Ó ní, “Olóòótọ́ obìnrin, o ti dọ̀tí jù. Wẹ̀ kí o tó wọlé.”

Gbogbo ara mi ń bẹ̀ mí pé kí n wẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo rí oríṣiríṣi ẹ̀jẹ̀ ẹran tí àwọn ọdẹ tí kò mọ ìbọn yìn ti dá lóró, ó lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi nìkan ni mo lè fi mọ tèmi yàtọ̀. Mo ní, “Baba, ẹ ṣeun. Ẹni tó bá wẹ̀ nígbà tó ń tọ ohun tó ń rùn, imú rẹ̀ yóò ṣi ọ̀nà.”

“O gbọ́n. Kọrin kan fún mi, kí o máa lọ.”

Ṣé èmi ni wọ́n ń bẹ̀ pé kí n kọrin? Mo dá orin:

*Òórùn ṣáájú, mo tẹ̀ lé e,*
*Òórùn yà sósì, mo yà sósì;*
*Imú mi ìbá lẹ́sẹ̀, ìbá ti sá lọ,*
*Imú mi kò lẹ́sẹ̀, èmi ni mo gbé e dé.*

Ó jó, ó ń jó, ọyún ń ro tótó sórí ewé. Mo gbóòórùn ọwọ́ mi, mo gbóòórùn ti ilẹ̀, mo yan ọ̀nà tèmi.

Ẹran tí ọta bá ní ikùn a máa wá omi. Létí adágún kan ni mo ti rí i, ó fi àgbọ̀n lé omi, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Iwin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Eṣinṣin jókòó tì í. Eṣinṣin ń gba ihò imú rẹ̀ kan wọlé, wọ́n ń gba èkejì jáde, ohùn rẹ̀ sì ń kùn bí ààtàn ní ọ̀sán gangan.

Ó ní, “Dúró! Ohun tí a dá lóró tí a sì fi sílẹ̀, tèmi ni. Ẹni tó yìnbọn dà?”

“Ó wà nílé, Ìyá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.”

“Ó ti fi í sílẹ̀ nìyẹn.”

“Òun ni kò lè rìn. Ilé wa kò fi í sílẹ̀.”

“Ẹnu lásán! Àwọn tó ṣáájú rẹ sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wọn mọ́ bí ọwọ́ ìyàwó tuntun. Mú ọwọ́ tìrẹ wá.”

Mo na ọwọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó fi ìka mi sẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan! Ahọ́n rẹ̀ ń ha mí lọ́wọ́ bí ewé ipin tí a fi ń ha igbá, ó tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, itọ́ rẹ̀ sì ń fà bí ilá. Mi ò fa ọwọ́ mi yọ.

Ó tọ́ ọ wò pẹ́. Ó ní, “Koríko tí ẹran yìí jẹ kí ìbọn tó dún ni ó wà lábẹ́ èékánná yìí. Ẹni tó fi nǹkan sílẹ̀ kì í rùn bí nǹkan náà. Tìrẹ ni. Ó yá, wọ́n ní orin kún ẹnu rẹ, sun ìjálá rẹ̀ kí n gbọ́.”

Orin dé ètè mi. Mo wo àgbọ̀nrín. Mo ní, “Ẹ fọwọ́ wọ́nú, Ìyá. Ojú rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́. Ojú tó ń ṣẹ́ kì í gba oríkì.”

Ìyá Eṣinṣin yàgò fún mi. Mo yọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ẹran náà, mo gún un ní ọ̀kọ̀ lẹ́yìn apá, ibi tó yẹ kí ọta ọkọ mi ti bà á. Ó mí, kò mí mọ́. Mo fi ẹ̀ka igi kan ojú rẹ̀, kò ṣẹ́. Ìgbà náà ni mo tó la ẹnu:

*Àgbọ̀nrín, ẹlẹ́sẹ̀ tíínrín bí ọ̀pá,*
*Ọmọ a-wẹ̀yìn-wò kó tó mu omi,*
*Ẹni ìkánjú dá lóró, ẹni sùúrù tù,*
*Sùn wọra, ìrora tán.*

Mo gbé e kọ́ èjìká. Omi ikùn rẹ̀ ń ṣàn gba ẹ̀yìn mi lọ sí ìdí. Nígbà tí mo wọ ìlú, oòrùn kò ga ju orí ọ̀pẹ lọ, gbogbo ènìyàn fi aṣọ di imú, àwọn obìnrin ń ké pé, “Àwẹ̀ró, ṣé ìwọ ni, àbí ṣaláńgá ló ń rìn bọ̀?”

Olúọdẹ wo ẹran, ó wo oòrùn. Ó ní, “Ẹran dé, ìbọn kò ní di ọkọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọdẹ́níran, wá fi ọwọ́ ara rẹ kó ikùn tí o tú.”

Ọkọ mi tiro wá. Ó ti ọwọ́ bọ inú ikùn tó bẹ́, ó bì. Ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó tún bì. “Àwẹ̀ró, ọ̀rẹ́ mi, bá mi dá sí i!”

“Bàbá Ọdẹ́wùmí, tèmi ti rùn tán. Ẹ máa kó tiyín.”

Ó kó o tán, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó bò ó, ó sì ń sunkún bó ti ń bò ó. Olúọdẹ kò jẹ́ kí ó fọ ọwọ́. Ọwọ́ rírùn yẹn ni ó fi gba ìbọn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹran kò bá yí ẹ̀gbẹ́ sí i dáadáa, Ọdẹ́níran a sọ ìbọn kalẹ̀, a máa wálé lọ́wọ́ òfo, a ó sì jẹ ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ gbogbo ènìyàn ni í ṣìnà. Bí tiyín bá ṣìnà, ẹ jókòó, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ dá lóró sinmi. Lẹ́yìn náà kí ẹ dìde, kí ẹ tọ̀ ọ́ dé ibi tó bá wọ̀ sí, bí ó ti wù kí ó rùn tó. Elédùmarè kò ní jẹ́ kí a dá oró tí ẹsẹ̀ wa kò lè tọ̀ dé òpin. Ẹ máa lọ ní pẹ̀lẹ́.