Bí Òkété Ṣe Ṣètò Oúnjẹ Ọ̀sẹ̀ fún Erin

Àlọ́ mi rèé o, ó ń yí gbirigbiri bọ̀, ó gba abẹ́ ikùn Erin kọjá, ó lọ forí sọ Òkété lẹ́nu ihò.

Erin fẹ́ kí ara òun fọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń lọ sílé ọkọ lódìkejì odò, afárá onígi kan ló sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Erin fi ẹsẹ̀ kan tẹ afárá náà wò, afárá ké bí ìyá àgbà tí eyín ń dùn. Àwọn àna ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ràn bàbá ìyàwó púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ràn afárá àwọn náà. Erin sọkún. Bàbá wo ni yóò jókòó sílé kí ẹlòmíràn máa fa ọmọ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́?

Òkété gbọ́ ẹkún náà láti inú ihò. Ẹ ti gbọ́ ọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Tiwa yìí kò tíì dàgbà, kò sì wá ọmú. Òkèlè ló ń wá. Kò dáko, kò gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń tẹ ẹ̀bà lábúlé kejì, imú rẹ̀ á ti débẹ̀ ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó sáré jáde, ó dọ̀bálẹ̀ fún Erin. Ẹni tó kúrú tó bẹ́ẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ àti ìdúró rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo mọ ohun tó ń ṣe yín. Ẹran kọ́ ló ń mú yín sanra. Ẹ̀fọ́ kọ́. Òkèlè ni!"

Erin yanu. "Òkèlè? Òkèlè tí mo ń jẹ láti kékeré?"

"Òun gan-an. Ẹ bu gaàrí díẹ̀ sómi, ṣé kì í kún abọ́ ni? Bó ṣe ń wú nínú abọ́ náà ló ń wú nínú ikùn yín."

Erin bojú wo ikùn rẹ̀. Ká má purọ́ mọ́ Òkété, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Òpùrọ́ tó mọṣẹ́ a máa bu òótọ́ sí irọ́ rẹ̀ bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ìmàdò àti Ẹfọ̀n, tí wọ́n wá kí Erin, náà ti tẹ́tí sílẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń fura sí ìbàdí ara wọn.

"Kí la ó wá máa jẹ?" ni Ìmàdò bèèrè.

"Mo ti ṣètò rẹ̀ fún yín, gbogbo ọ̀sẹ̀ pátá. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o, àwọn ọjọ́ fúnra wọn ló sọ ọ́. Ẹ sáà fetí sí orúkọ wọn, kí ẹ bá mi gbe orin."

Òkété dá orin, wọ́n ń gbè é:

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ jẹ̀fọ́,
*Má fòkèlè kàn án!*
Ìṣẹ́gun, ẹ ṣẹ́gun ebi,
*Má fòkèlè kàn án!*
Ọjọ́rú, ẹ po ewé kó rú,
*Má fòkèlè kàn án!*
Ọjọ́bọ̀, ẹ bọ̀ sórí ẹ̀fọ́,
*Má fòkèlè kàn án!*
Ẹtì, ẹ tọ́ ẹja wò. Bó bá kù díẹ̀, ó tì,
*Má fòkèlè kàn án!*
Àbámẹ́ta, ẹyin mẹ́ta,
*Má fòkèlè kàn án!*
Àìkú, ẹ má jẹ nǹkan, ẹ ò ní í kú,
*Má fòkèlè kàn án!*

Orin náà dùn. Wọ́n jó sí i. Ìgbà tí wọ́n jó tán ni Ẹfọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

"Òkété, ti Àìkú yẹn…"

"Ẹ̀gbọ́n, kí lorúkọ ọjọ́ náà? Ṣé èmi ni mo sọ ọ́ ní Àìkú?"

Ẹfọ̀n pe orúkọ ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbe orin.

"Ó wá ku nǹkan kan," ni Òkété wí. "Gaàrí, èlùbọ́ àti iṣu tó wà nílé yín. Ojú tó bá ń rí wọn kò lè gbàgbé wọn. Ẹ kó wọn wá. Ihò mi jìn, ó sì ṣókùnkùn, èmi á máa bá yín ṣọ́ wọn. Ìyà ńlá ni, ṣùgbọ́n nítorí yín, màá jẹ ẹ́."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé, wọ́n dúpẹ́! Wọ́n ru àpò gaàrí, wọ́n ru èlùbọ́, wọ́n wọ́ iṣu títí ihò Òkété fi kún dé ibi tó ń sùn. Orí gaàrí ló wá ń sùn. Bí ebi bá jí i, á kàn yí ojú sílẹ̀, á jẹ díẹ̀ nínú ibùsùn.

Níta, ojú àwọn àgbà ń rí nǹkan. Ìmàdò rí òkúta funfun kan létí ọ̀nà, ó rò pé iyán ni, ó bù ú bọ ọbẹ̀, eyín rẹ̀ kan sì dúró síbẹ̀. Erin ń fi ewé ṣe òkèlè roboto, ó ń dijú gbé e mì, ó ń bú ara rẹ̀. Láràárọ̀ ni Òkété ń nu ẹnu, tí á jáde wá wò wọ́n, tí á mirí.

"Ẹ ń fọn o! Ẹ má wẹ̀yìn!"

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn ni pé Erin ń fọn lóòótọ́. Awọ ara rẹ̀ ń fì bí agbádá tó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Òjò ti rọ̀ láti ìdájí, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá. Erin ní òun kò ní í gbéra láìmú Òkété, olóore òun, dání. Gbogbo wọn bá lọ dúró lẹ́nu ihò.

"Òkété, jáde ká lọ!"

"Mò ń wọṣọ!" Ohùn náà ń jáde bí ohùn ẹni tí ẹnu rẹ̀ kún.

Òjò tó rọ̀ náà sì ti wọlé tọ gaàrí lọ. Gaàrí kì í bójú wẹ̀yìn bó bá rómi. Ó ń wú. Ilẹ̀ ń ga sókè lábẹ́ ẹsẹ̀ Ìmàdò, ó rò pé òòyì ebi ló ń kọ́ òun. Ó ń wú, ó ń wú, nígbà tó yá, ihò dún gbùú, gaàrí tú jáde bí òkè, Òkété sì wà lórí rẹ̀ téńté, òkèlè lọ́wọ́ ọ̀tún, abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́ òsì.

Àwẹ̀ró ìyàwó ló kọ́kọ́ lanu.

"Bọ̀ọ̀dá Òkété, kí lẹ mú lọ́wọ́ yẹn?"

Òkété gbé e mì kíá. "Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ọ̀rọ̀ àgbà. Wọ́n ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ gbọ́ gaàrí níbẹ̀? Kò sí níbẹ̀! N ò jẹ nǹkan kan."

Ìmàdò ti fẹ́ máa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹfọ̀n fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Ẹ ò purọ́," ni Àwẹ̀ró wí. "Ètò yín náà lẹ kúkú ń tẹ̀ lé. Òní ọjọ́ wo ni, ẹ jọ̀ọ́?"

Òkété wolẹ̀. "Ọjọ́… Àìkú."

Kò sẹ́ni tó dá orin, gbogbo wọn ṣáà gbé e lẹ́ẹ̀kan náà: "Àìkú, ẹ má jẹ nǹkan, ẹ ò ní í kú!" Erin na ọwọ́jà rẹ̀, ó gba abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n hú iṣu wọn jáde, wọ́n rù ú. Gaàrí ti pò mọ́ ẹrẹ̀, adìẹ pàápàá kò kà á sí.

"Ẹ mú mi dání!" ni Òkété ké.

"Sanra báyìí?" ni Erin wí. "Afárá àwọn àna mi ńkọ́?"

Erin gbé ẹsẹ̀ lé afárá. Afárá gbọ̀n. Ó séèémí, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń tẹ afárá bí ẹni tẹ ẹyin, títí wọ́n fi dé òdìkejì. Ó fa Àwẹ̀ró lé ọkọ lọ́wọ́, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Bàbá wa, kí lẹ ó jẹ?" ni àwọn àna bèèrè.

Erin wo iṣu, ó wo ikùn rẹ̀. "Iyán," ni ó wí. "Ọ̀la ṣáà ni Ajé. Màá bẹ̀rẹ̀ padà lọ́la."

Ẹ má bi mí bó ṣe gba afárá padà sílé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Òkété jókòó létí odò, ó ń gbọ́ bí odó ṣe ń dún, gbì, gbì, gbì, ó sì ń gbé itọ́ mì.

Ẹni tó bá máa ṣòfin ọ̀fun fún ará ìlú, kó kọ́kọ́ bá ọ̀fun ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyí. Bí mo bá purọ́, kí òkèlè há mi lọ́fun. Bí n kò bá purọ́, kí ó máa yọ̀ lọ.