Ẹni Tó Ń Bèèrè Ọ̀nà Tó Ti Mọ̀

Ọkùnrin kan wà tí kì í pẹ́ dé mọ́sálásí. Ìlà iwájú ni àyè rẹ̀, ní ọwọ́ ọ̀tún gan-an, iwájú orí rẹ̀ sì ti dúdú nítorí ìforíkanlẹ̀. Alájì ni gbogbo ìlú ń pè é. Nínú ìrun márààrún ojúmọ́, kò pa ọ̀kan jẹ rí. Nínú ráká kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpele kọ̀ọ̀kan nínú ìrun, ló sì ń bẹ Ọlọ́run bí gbogbo wa ṣe ń bẹ̀ Ẹ́: Tọ́ wa sí ọ̀nà tààrà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún lójúmọ́.

Àbúrò rẹ̀ kú. Ó fi ìyàwó kan àti ọmọbìnrin mẹ́ta sílẹ̀, ó sì fi oko kan sílẹ̀ lẹ́bàá odò, ilẹ̀ dúdú tí iṣu máa ń ta dáadáa níbẹ̀. Ìpín opó wà nínú Kùránì. Ìpín àwọn ọmọbìnrin wà níbẹ̀. Díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù ni ti ẹ̀gbọ́n. Kò sí ohun tó fara sin nínú rẹ̀. Ọmọ ilé-kéú lè kà á. Ṣùgbọ́n Alájì ni olórí ẹbí, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo oko náà wà.

Nígbà tí ìyàwó olóògbé, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rọ́fíátù, parí opó, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní òjò àkọ́rọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, òun fẹ́ kọ ebè, nítorí oko yẹn ni àwọn ọmọ fi ń jẹun. Alájì ní kó fara balẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú, òun máa kírun Istikárà lé e lórí, ìyẹn ìrun tí Mùsùlùmí fi ń bi Ọlọ́run léèrè nígbà tí kò bá mọ èwo ni kí òun ṣe nínú ohun méjì. Ọjọ́ méje ni yóò fi kí i. Kí ẹnikẹ́ni má tíì ti ọkọ́ bọ ilẹ̀ náà.

Ọjọ́ méje pé. Alájì ní òun kò tíì rí àmì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ méje mìíràn, lẹ́yìn náà méje mìíràn. Òjò rọ̀. Àwọn tí oko wọn bá oko olóògbé pààlà ti ń gbin iṣu. Létí kànga, obìnrin kan bi Ìyá Rọ́fíátù pé, "Ọlọ́run ò tíì dá Alájì lóhùn ni?" Èkejì ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ni ò dáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé omi rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, Ìyá Rọ́fíátù dìde lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi pààlà fún àwọn obìnrin. Kò pariwo.

"Alájì, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀nà tí ẹ ń bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, ojúlé mi ló gbà kọjá."

Lèmọ́mù yíjú sí Alájì, ó bi í pé kí ló ń ṣe Istikárà lé lórí. Alájì ní ọ̀rọ̀ oko ni.

"Ṣé o máa ń ṣe Istikárà kí o tó gba ààwẹ̀ Ramadani?"

Alájì ní rárá, Ọlọ́run ló pa ààwẹ̀ láṣẹ.

"Ìpín opó ńkọ́, ta ló pa á láṣẹ?"

Alájì tẹjú mọ́ ẹní. Ó fa tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀sẹ̀ kan kún un."

Ẹnì kan ní ìlà iwájú ní kí Ọlọ́run tọ́ wọn sọ́nà. Gbogbo mọ́sálásí ṣe àmín. Wọ́n wá yíjú sí obìnrin náà, wọ́n ní kò dáa kí obìnrin máa gbóhùn sókè nílé Ọlọ́run, kó ní sùúrù. Lèmọ́mù wá bàtà ara rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà iṣu kọjá. Oko náà di igbó. Ìyá Rọ́fíátù kó àwọn ọmọ lọ sí abúlé bàbá rẹ̀, níbi tí àkọ́bí rẹ̀ ti ń bó gbágùúdá fún ẹlẹ́gàárì ní àkókò tó yẹ kó wà ní kíláàsì. Alájì kò tíì rí àmì.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má sọ pé ẹ kò mọ ọkùnrin yìí. Ẹ jọ ń to sàfù lórí ìlà ìrun kan náà ni. Ẹni tó sọnù ní oríta tó ń bèèrè ọ̀nà, àánú rẹ̀ a máa ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti fọwọ́ júwe ọ̀nà fún, tó dúró sójú kan, tó tún ń bèèrè, kò sọnù rárá. Ibi tí ọ̀nà náà já sí ni kò fẹ́ dé. Ẹ bi Ọlọ́run léèrè nípa ìrìn-àjò yín, nípa iṣẹ́ yín, nípa ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́. Ẹ má bi Í léèrè bóyá kí ẹ dá ohun olóhun padà. Ó ti fèsì kí wọ́n tó bí yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣe àmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀, tí ẹ ń kọ́ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ní sùúrù, ẹ wà nínú ìrẹ́jẹ náà tọrùn-tọrùn.

Ẹ máa kí Alásárì láìpẹ́. Tí ẹ bá ti kí i tán, ẹ má jókòó ti tẹ̀sùbáà. Ẹ dìde, ẹ lọ dá oko olóko padà.